Michael Faraday (1791–1867): Ọmọ Alágbẹ̀dẹ tí ó Wọn Iná Mànàmáná

Odò Kàdúná, tí ó fún ìlú Kàdúná lórúkọ, gba inú ìlú náà kọjá, ó sì ń ṣàn lọ títí tí ó fi wọ Odò Ọya. Kí ó tó dé ibẹ̀, wọ́n ti sé e ní Shiroro, ní Ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí omi rẹ̀ ti ń yí ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́rin tí agbára gbogbo wọn jẹ́ 600 megawatt. Ní ìgboro Kàdúná, ní ọjà Panteka, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń sọ irin àlòkù di ohun èlò tuntun. Níbikíbi tí a bá ti ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀, a óò rí i pé irin kan ń dán bí dígí, òmíràn sì ti dógùn-ún. Irin kan náà lè wà nínú méjèèjì. Èyí tí ń dán ni a fi ìpele nikẹ́ẹ̀lì tàbí kurómíọ̀mù tín-ín-rín bò lára, iná mànàmáná ni a sì fi tẹ́ ìpele náà. Báyìí náà ni owó ẹyọ tí Nàìjíríà ná jáde ní 1991 ṣe rí: irin ni inú wọn, bàbà ni ó bo 10 kọ́bọ̀ àti 25 kọ́bọ̀, nikẹ́ẹ̀lì ni ó bo 50 kọ́bọ̀ àti náírà kan.

Iná tí odò ń pèsè àti ìpele tí iná ń tẹ́ sára irin jọ tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo. Michael Faraday ni ó ṣàwárí bí a ṣe lè fi òòfà mú iná jáde. Òun náà ni ó fi òṣùwọ̀n fi hàn pé ìwọ̀n mẹ́táàlì tí ó jókòó sí ojú ẹlẹ́kítíróòdì bá ìwọ̀n iná tí ó kọjá mu régí. Kò kàwé dé ibì kankan ní ilé ẹ̀kọ́, kò sì mọ ìṣirò gíga. Nítorí náà, ìgbésí ayé rẹ̀ yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, pàápàá akẹ́kọ̀ọ́ èdè. A óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìbí àti ìgbà èwe

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1791 ni a bí Faraday ní Newington, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. James ni orúkọ bàbá rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni, àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti ṣí wá sí ìlú ńlá. Margaret ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ara James kò le, nítorí náà iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ní ọdún 1801, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó, odindi búrẹ́dì kan ni wọ́n ń fún Michael láti jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò kékeré ni gbogbo ohun tí ó rí gbà ní ilé ẹ̀kọ́. Inú ìjọ Kristẹni kékeré kan tí à ń pè ní Sandemanian ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sì fi ìjọ náà sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ní 1805, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sí ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìwé dídì lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni George Riebau. Ọdún méje ni ó fi kọ́ṣẹ́ náà. Bí ó ti ń di ìwé àwọn ẹlòmíràn ni ó ń kà wọ́n. Ó ka àlàyé lórí iná mànàmáná nínú Encyclopaedia Britannica, ó sì ka ìwé tí Jane Marcet kọ láti fi ìmọ̀ kẹ́mísírì yé àwọn tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ọ̀gá rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Robert, tí ó gba iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́ bàbá wọn, ni ó ń fún un ní ṣílè kọ̀ọ̀kan tí ó fi ń wọlé sí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́. Owó àgbẹ̀dẹ ni ó rán Faraday lọ sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ní 1812, ó fi owó ẹyọ ṣe bátìrì àkọ́kọ́ tirẹ̀. Ó to ààbọ̀ pẹ́nì-pẹ́nì tí wọ́n fi bàbà rọ àti pẹlẹbẹ síńkì léra wọn, ó sì fi bébà tí a rì bọ inú omi iyọ̀ sí àárín wọn. Ó fi iná tí ó ti inú rẹ̀ jáde tú èròjà kan tí ó yọ́ nínú omi palẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń gbé inú rẹ̀: kí ni iná ń ṣe gan-an bí ó bá gba inú omi kọjá?

Lọ́dọ̀ Humphry Davy

Ọdún yẹn náà ni oníbàárà kan ní ilé iṣẹ́ Riebau fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù. Davy ni gbajúmọ̀ onímọ̀ kẹ́mísírì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Òun ni ó fi iná mànàmáná yọ pòtásíọ̀mù àti sódíọ̀mù jáde ní 1807. Faraday kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwọn àwòrán rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìwé náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí Davy pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé òun ń wá iṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1813, wọ́n gbà á ní olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò Royal Institution.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Davy mú un rìnrìn àjò lọ sí Faransé, Ítálì àti Switzerland. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n lò. Ó rí Alessandro Volta, ẹni tí ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní ayé. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ Davy ti kọ̀ láti bá wọn lọ, Faraday ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ náà mọ́ tirẹ̀. Aya Davy kì í jẹ́ kí ó gbàgbé ipò rẹ̀. Ó rò ó pé kí òun padà sílé, àmọ́ ó fara dà á nítorí ẹ̀kọ́ tí ó ń rí kọ́.

Ohun tí ó dé lẹ́yìn náà dùn ún ju èyí lọ. Ní 1821, ọdún tí ó gbé Sarah Barnard níyàwó, ó fi hàn pé wáyà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá lè máa yí òòfà po. Àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ó jí èrò William Wollaston lò, Davy kò sì gbè é. Nígbà tí wọ́n fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ Royal Society, Davy, tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà, ta kò ó. Síbẹ̀ wọ́n dìbò gbà á wọlé ní 1824; ìbò kan ṣoṣo ni ó lòdì sí i. Faraday kò fi ẹnu kan ọ̀gá rẹ̀ ní búburú ní gbangba, kódà lẹ́yìn tí Davy kú ní 1829. Inú yàrá àyẹ̀wò ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn.

Òòfà, iná àti òṣùwọ̀n

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1831, Faraday rí i pé bí agbára òòfà bá yí padà nítòsí wáyà tí a wé po, iná a máa sáré nínú wáyà náà. Orí ìlànà yìí ni ẹ̀rọ amúnáwá dúró, ìbáà jẹ́ ti Shiroro, ìbáà jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń dún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn èyí ni ó padà sí ìbéèrè ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀, títí kan Davy, gbà gbọ́ ni pé ẹnu wáyà méjèèjì tí a kì bọ inú omi ń fa èròjà bí òòfà ti ń fa irin, pé fífà yìí ni ó ń já èròjà sí méjì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ẹnu wáyà wọ̀nyí ní orúkọ tí ó jọ ti orí òòfà. Faraday dán an wò ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ó tilẹ̀ ṣe é tí iná fi gba inú afẹ́fẹ́ kọjá sí ara bébà tí ó tutù, láìjẹ́ pé mẹ́táàlì fara kan bébà náà, èròjà sì túká síbẹ̀. Nígbà náà ni ó rí i pé mẹ́táàlì tí a kì bọ omi kì í ṣe afàyà; ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé, tí ó sì ń gbà jáde, ni.

Ó kù kí ó wọ̀n ọ́n. Ó ṣe ohun èlò kan tí ń gba atẹ́gùn tí ó jáde bí iná ti ń tú omi ká, kí ó lè fi ìwọ̀n atẹ́gùn náà mọ ìwọ̀n iná tí ó kọjá. Ó to irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tẹ̀ léra kí iná kan náà lè gba inú gbogbo wọn kọjá. Ó lo mẹ́táàlì fífẹ̀ níbì kan, ó lo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn. Ó mú kí omi kan le, kí òmíràn dẹ̀. Iye kan náà ni gbogbo wọn ń mú jáde. Òfin kìíní nìyẹn: bí iná tí ó kọjá bá ti pọ̀ tó ni ohun tí yóò túká tàbí tí yóò jókòó yóò ṣe pọ̀ tó, fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà kò sì yí i padà.

Lẹ́yìn náà ni ó yọ́ èròjà tánńganran kan lórí iná nínú ọ̀pá dígí, ó fi wáyà pilátínọ̀mù ṣe ẹnu ọ̀nà, ó sì so ó pọ̀ mọ́ ohun èlò omi rẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó wọn wáyà náà. Nígbà tí ó parí, ó tún un wọ̀n láti mọ iye tánńganran tí ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí háídírójìn gírámù kan bá jáde nínú omi, nǹkan bí gírámù 59 tánńganran ni yóò jókòó. Bí ó bá jẹ́ òjé, nǹkan bí gírámù 103 ni. Òfin kejì nìyẹn: iná kan náà a máa mú mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan jókòó ní ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i nínú ìṣọwọ́ dàpọ̀ àwọn èròjà. Iṣẹ́ ọdún 1833 àti 1834 ni èyí. Kò sí ìṣirò gíga nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí kì í purọ́ ni ó fi ṣe é, àti sùúrù.

Orúkọ tí ó bá nǹkan mu

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí ń kọ́ nípa èdè. Faraday rí i pé òun kò lè ṣàlàyé àwárí yìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àtijọ́, nítorí pé irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ó ń sọ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ pé ẹnu wáyà ń fa nǹkan. Nítorí náà ó wá orúkọ tuntun. Ní 1834, ó kọ lẹ́tà sí William Whewell, ọ̀mọ̀wé kan ní Trinity College, Cambridge, ẹni tí ó gbọ́ èdè Gíríìkì dáadáa, wọ́n sì jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Wọ́n pe ẹnu ọ̀nà iná ní ẹlẹ́kítíróòdì; ọ̀nà ni ìdajì kejì orúkọ náà ń sọ nípa rẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Wọ́n pe èyí tí iná ti ń wọlé ní ánóòdì, ọ̀nà tí ń gòkè. Wọ́n pe èyí tí iná ti ń jáde ní kátóòdì, ọ̀nà tí ń sọ̀ kalẹ̀. Ìrìn oòrùn ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Faraday ní kí a fojú inú wo iná kan tí ń yí ayé po láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ánóòdì ni ibi tí oòrùn ti ń yọ, kátóòdì sì ni ibi tí ó ti ń wọ̀. Èròjà tí ń rìn láàárín méjèèjì ni wọ́n pè ní áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ni arìnrìn àjò. Ọmọ Yorùbá tí ó ti mọ ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ti ní èrò tí ó wà nídìí orúkọ méjèèjì náà lọ́wọ́ kí ó tó wọ kíláàsì kẹ́mísírì.

Bí ìpele ṣe ń jókòó

Faraday mọ òfin náà ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ó fà á. Ní 1897 ni J. J. Thomson ṣàwárí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìmọ̀ náà ni ó jẹ́ kí a lè ṣàlàyé iṣẹ́ yìí bí a ti ń ṣàlàyé rẹ̀ lónìí.

Bí a bá fẹ́ fi bàbà bo ohun kan, a ó kì í bọ inú omi tí a po èròjà bàbà sí, a ó sì fi ṣe kátóòdì. Áyọ́ọ̀nù bàbà kọ̀ọ̀kan inú omi náà ti sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nù. Bí ó bá dé ojú kátóòdì, yóò gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, yóò sì di átọ́ọ̀mù bàbà gidi. Átọ́ọ̀mù náà kì í fìdí kalẹ̀ ní ibi tí ó bá kọ́kọ́ bà lé. Ó lè rìn díẹ̀ lórí ojú mẹ́táàlì títí yóò fi rí igun, etí àtẹ̀gùn kékeré tàbí àbùkù tí ó ti lè ráàyè dì mú. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni àwọn átọ́ọ̀mù ti ń kó ara wọn jọ di erékùṣù kéékèèké. Àwọn erékùṣù náà ń fẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé, tí wọn yóò sì di ìpele kan tí ó bo gbogbo ojú náà.

Bí iná bá pọ̀ jù, áyọ́ọ̀nù tí ó wà nítòsí a tán kí àwọn mìíràn tó dé, ìpele náà a sì rí ṣákaṣàka, a dúdú, tàbí kí ó yọ ẹ̀ka bí igi. Bí iná bá mọ níwọ̀n, ìpele a máa dán, a sì máa di ara mú. Etí àti igun a máa nípọn ju àárín lọ nítorí pé ibẹ̀ ni iná ń rọ́ sí. Bí òróró tàbí ìpẹtà bá wà lára ohun tí a fẹ́ bò, ìpele náà yóò bó. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ yìí fi ń fọ irin tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kì í bọ omi.

Òfin Faraday ni ó ń sọ bí ìpele náà yóò ti nípọn tó. Bí iná ampere kan bá kọjá fún wákàtí kan, bàbà tí yóò jókòó jẹ́ nǹkan bí gírámù 1.19. Bí ó bá jẹ́ fàdákà, nǹkan bí gírámù 4.02 ni, nítorí pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré ni áyọ́ọ̀nù fàdákà ń gbà, átọ́ọ̀mù rẹ̀ sì wúwo ju ti bàbà lọ. Tẹ́ bàbà gírámù 1.19 náà sí ojú ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, ìnípọn rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 0.013 mílímítà. Bí a bá fẹ́ ìlọ́po méjì ìnípọn yẹn, a ó fi iná náà sílẹ̀ fún wákàtí méjì.

Láti yàrá àyẹ̀wò dé ilé iṣẹ́

Kì í ṣe Faraday ni ó kọ́kọ́ fi iná tẹ́ mẹ́táàlì. Luigi Brugnatelli, ará Ítálì, ti fi wúrà bo fàdákà ní 1805, Moritz Jacobi sì kéde ní Rọ́ṣíà ní 1838 pé òun lè fi bàbà mú ẹ̀dà ère jáde. Ní 1840, àwọn Elkington ti Birmingham gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi wúrà àti fàdákà bo ohun èlò. Ohun tí Faraday fi kún un ni òṣùwọ̀n, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà lè mọ ohun tí yóò rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 1844, John Stephen Woolrich ṣe ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan tí ó ń lo òòfà, wọ́n sì lò ó fún iṣẹ́ fífi fàdákà bo nǹkan ní Birmingham. Nínú ẹ̀rọ yẹn ni àwárí Faraday méjèèjì ti pàdé: òòfà mú iná wá, iná sì tẹ́ fàdákà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ti fún àwọn alágbẹ̀dẹ ní ọ̀nà tí a lè gbà da aṣọ mẹ́táàlì bo mẹ́táàlì láìlo òòlù.

Ìwà rẹ̀ àti òpin rẹ̀

Faraday lè di olówó. Ilé iṣẹ́ ń san owó gidi fún un láti gba ìmọ̀ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí àyè lè gbà á láti ṣèwádìí. Wọ́n fi oyè lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ipò ààrẹ Royal Society lọ̀ ọ́, ó kọ̀ nígbà méjèèjì. Àmọ́ kì í kọ̀ láti kọ́ni. Láti 1827 ni ó ti ń dá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní àkókò Kérésìmesì ní Royal Institution, ètò tí wọ́n ṣì ń ṣe títí di òní.

Òun àti Sarah kò bímọ. Láti nǹkan bí 1840 ni àárẹ̀ ti ń mú ọpọlọ rẹ̀, ìgbàgbé sì ń dà á láàmú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní láti dá iṣẹ́ dúró fún ọdún bíi mélòó kan. Síbẹ̀ ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣàwárí ní 1845 pé òòfà lè yí ìmọ́lẹ̀ padà. Ní 1858, Ọbabìnrin Victoria fún un ní ilé kan ní Hampton Court. Ibẹ̀ ni ó ti jókòó kú sórí àga rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1867. Kò fẹ́ kí wọ́n sin òun sí Westminster Abbey láàárín àwọn ọba àti ìjòyè. Ibojì tí kò ní ọ̀ṣọ́ ní Highgate ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún wa

Ẹni tí ó bá sọ pé èdè Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì dúró ti gbàgbé pé èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò ní orúkọ fún ẹlẹ́kítíróòdì kí Faraday tó kọ lẹ́tà sí Whewell. Ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ wọ́n ọn, ó sì tọ ẹni tí ó mọ èdè lọ. Irú ọ̀nà yìí ni àwọn olùkọ́ wa tọ̀ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe, onímọ̀ èdè nìkan kò sì lè dá a ṣe.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú náírà onírin ti 1991 lọ́wọ́, kí ó wo ibi tí etí rẹ̀ ti họ. Nikẹ́ẹ̀lì ni ó wà lókè, irin ni ó wà nísàlẹ̀, ìnípọn ìpele tí ó wà lókè yẹn sì jẹ́ ohun tí a lè fi ìwọ̀n iná àti àkókò ṣírò. Ọmọkùnrin kan tí ó to owó ẹyọ léra nínú yàrá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1812 ni ó la ọ̀nà ìṣirò náà.